Ẹ má di ẹrù ẹni mẹ́ta ru ọmọ kan ṣoṣo

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìdúró ti èdè wa. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, ọmọ ìyá aláṣọ ní Gbági. Láti ọdún 1998 ni mo ti ń gbé ní Madison, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọkọ mi ti wá kàwé nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fún wa. Ọkùnrin àárín ló gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà nílé ẹ̀kọ́ girama, bọ́ọ̀lù tó ṣe ṣóńṣó lápá méjèèjì yẹn, tí wọ́n ń fọwọ́ gbé ju bí wọ́n ṣe ń fẹsẹ̀ gbá a lọ.

Ọ̀rọ̀ kan ló ká mi lára. Níbi ìsọmọlórúkọ kan tí a lọ ní Milwaukee lẹ́nu àìpẹ́ yìí, àwọn bàbá ọmọ tí wọn ò tíì pé ogójì ọdún jókòó yí tẹlifíṣọ̀n ká, wọ́n ń sọ̀rọ̀ àwọn Badgers, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yunifásítì wa. Ọ̀kan nínú wọn ní eré sísá ló ba ẹgbẹ́ náà jẹ́, pé ọgbọ́n ayé àtijọ́ ni, pé ẹgbẹ́ tí kò bá ń ju bọ́ọ̀lù kò lè dé ibì kankan mọ́. Àwọn yòókù ń mi orí. Mo gbé abọ́ ọwọ́ mi kalẹ̀, mo ní irọ́ ni. Wọ́n ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká jẹun." Mi ò bá wọn bínú, ọmọ mi ni gbogbo wọn. Àmọ́ ó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń wo ẹgbẹ́ yìí, ohun tí ojú mi rí yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ń sọ. Mo mọ̀ pé wọ́n ń ka ìwé ìròyìn yín lórí fóònù. Ibí ni màá ti dá wọn lóhùn.

Fún ẹ̀yin tó wà nílé tí ẹ ò mọ eré náà: ẹgbẹ́ tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin láti fi rìn síwájú ní yáàdì mẹ́wàá. Yáàdì tí ìyá mi fi ń wọn àǹkárá náà ni. Bí wọ́n bá rí mẹ́wàá yẹn, wọ́n á tún fún wọn ní ẹ̀ẹ̀mẹrin mìíràn; bí wọn ò bá rí i, bọ́ọ̀lù di ti ẹgbẹ́ kejì. Ọ̀nà méjì ni wọ́n lè gbà. Ẹni tó ń darí wọn láàárín, quarterback, lè ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tó ti sáré lọ níwájú. Ó sì lè gbé e lé asáré lọ́wọ́, kí ìyẹn gbá a mọ́ àyà, kó sì forí wọ àárín èrò lọ. Jíjù dùn-ún wò. Ó lè mú ogójì yáàdì wá lẹ́ẹ̀kan, ó lè bọ́ sílẹ̀ lásán, alátakò sì lè hán an lófuurufú. Eré sísá ní tirẹ̀, yáàdì mẹ́ta, mẹ́rin, méjì, márùn-ún ni. Ìyá mi kì í ta odindi ìdì aṣọ lójoojúmọ́. Yáàdì méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta ló fi rán àwa márààrún lọ sílé ìwé.

Ẹni tó kọ́ mi ní èyí ni bàbá àgbà kan tó wà nílé ìtọ́jú arúgbó tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, àgbẹ̀ tó fi gbogbo ayé rẹ̀ sin màlúù fún wàrà. Lóru ọjọ́ Ẹtì, tí oorun ò bá kùn ún, á to ife oògùn kéékèèké sórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì: márùn-ún níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn wọn, ọ̀kan sí i lẹ́yìn ìyẹn. Á ní kí n má wo ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù rárá, kí n máa wo àwọn márùn-ún iwájú. Àwọn yẹn kì í fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù, àyàfi ẹni àárín wọn tó ń fi í sẹ́yìn láti bẹ̀rẹ̀ eré. Púpọ̀ nínú wọn ló ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ dáadáa, tí wọ́n sì wúwo tó ọ̀ọ́dúnrún pọ́n-ùn. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n ti ẹni tó dojú kọ wọ́n kúrò lójú ọ̀nà kí asáré lè kọjá. Ẹni tó bá ti wo ìjàkadì rí á tètè mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ìbàdí rẹ̀ bá wà nísàlẹ̀ ju ti ẹnì kejì ló ń borí. Ọwọ́ á wà láyà onítọ̀hún, ẹsẹ̀ kò gbọdọ̀ dúró. Bàbá náà ní ọmọ tó bá ti ń gbé kóríko gbígbẹ àti garawa wàrà láti kékeré ti kọ́ ìdajì iṣẹ́ yẹn kó tó dé orí pápá.

Ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òtítọ́. Òtútù ibí kì í jẹ́ kí ọwọ́ gbọ́ràn lóṣù kọkànlá. Bọ́ọ̀lù á le bí òkúta, atẹ́gùn á máa gbé e kiri. Àmọ́ ọmọ gìrìpá kò wọ́n wa. Joe Thomas, tó wà lára àwọn márùn-ún iwájú Badgers rí, tí wọ́n gbà sínú ilé àwọn akọni eré náà ní 2023, ọmọ Brookfield nítòsí Milwaukee ni. Nígbà tí Barry Alvarez gba iṣẹ́ kóòṣì Badgers ní 1990, ohun tí ilẹ̀ ibí ń hù ló kọ́kọ́ wò. Ọdún náà, ìdíje kan ṣoṣo ló jẹ, mẹ́wàá ni wọ́n fi nà án. Ọdún kẹrin, ó kó wọn lọ sí Pasadena, wọ́n fi 21 sí 16 na UCLA ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1994. Ṣáájú ọjọ́ náà, Wisconsin kò tíì jẹ Rose Bowl, ìdíje ńlá Pasadena yẹn, rí látìgbà ìwáṣẹ̀. Eré sísá ni wọ́n fi jẹ ẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síbí díẹ̀, torí ibí ni ọ̀rọ̀ mi wà: ọmọ méjì ló ń sá a lọ́dún yẹn, Brent Moss àti Terrell Fletcher. Bí ó bá rẹ ọ̀kan, èkejì á wọlé.

Èmi fúnra mi kọ́kọ́ wọ Camp Randall, pápá ìṣeré wa, ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kọkànlá 1999. Olùkọ́ ọkọ mi ló fún wa ní tíkẹ́ẹ̀tì. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n fún wa ní tówẹ̀lì kékeré kọ̀ọ̀kan tí wọ́n kọ Dayne àti 33 sí, mi ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ron Dayne sanra, ó kúrú sórí ẹsẹ̀, ìrìn rẹ̀ kò jọ ti ẹni tó lè sáré. Eré rẹ̀ kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí eré bá fi dé ìdá kẹrin, ẹ ó rí àwọn tó ń dì í mú tí wọ́n gbé ọwọ́ lé ìbàdí, tí wọ́n ń mí helehele. Ó ti lọ̀ wọ́n kúnná bí ata lórí ọlọ. Lọ́jọ́ náà ló kọjá gbogbo asáré tó ti gbá bọ́ọ̀lù yunifásítì rí. Gbogbo pápá na tówẹ̀lì sókè lẹ́ẹ̀kan náà, èmi tí mi ò tíì mọ òfin eré náà bú sẹ́kún. Yáàdì 6,397 ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún un nígbà tó parí, ó sì gba Heisman, ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tó dára jù, lọ́dún náà. Tówẹ̀lì yẹn ṣì wà nínú àpótí mi pẹ̀lú aṣọ ìgbéyàwó.

Ẹ rí i pé mo fẹ́ràn eré sísá. Ìdí nìyẹn tí mo fi lẹ́nu láti sọ ibi tó ti ń pani lára.

Ọmọ mi wà lára àwọn márùn-ún iwájú nílé ẹ̀kọ́ girama fún ọdún mẹ́rin. Ẹni tó bá ti bọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí mọ̀ ọ́n: ẹyin mẹ́fà láàárọ̀, ìkòkò ìrẹsì lálẹ́, iyán lọ́jọ́ Àìkú, lágogo mẹ́wàá á tún ṣí fíríìjì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́ ni asáré wọn, ọmọ òyìnbó kan tí ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ alẹ́ bíi tèmi. Ilé wa ló ti ń jẹun alẹ́ bí ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ó fẹ́ràn mọ́ín-mọ́ín ju àwọn ọmọ tí mo bí lọ. Kóòṣì wọn nígbà náà, mi ò ní dárúkọ òun àti ilé ẹ̀kọ́ náà, kò ní ète mìíràn ju kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù lé ọmọ yìí lọ́wọ́. Asáré méjì mìíràn wà lórí bẹ́ǹṣì tí aṣọ wọn á mọ́ tónítóní títí eré á fi parí. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan lóṣù kẹwàá, mo mú bírò àti ìwé kékeré dání, mò ń fa ìlà kan fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gbé e fún un. Láti bí ìlà karùndínlọ́gbọ̀n ni mo ti rí i pé kò gbé ẹsẹ̀ dáadáa mọ́. Mo fa mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ìkejìlélọ́gbọ̀n ni orúnkún rẹ̀ yí. Mo sáré sọ̀kalẹ̀ torí nọ́ọ̀sì ni mí. Kí n tó dé ibẹ̀, ọmọ mi ti kúnlẹ̀ sórí koríko, ó gbé orí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lé itan. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Yunifásítì méjì ló ń kọ lẹ́tà sí i tẹ́lẹ̀. Wọn ò kọ mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fa ìlà. Gbogbo ìdíje Badgers tí mo bá wò, yálà ní pápá tàbí lórí tẹlifíṣọ̀n, mo máa ń kọ iye ìgbà tí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé bọ́ọ̀lù. Ohun tí àwọn ìwé wọ̀nyẹn sọ fún mi ni mo fẹ́ kí àwọn bàbá ọmọ wọ̀nyẹn gbọ́.

Ní 2010, asáré mẹ́ta la ní: James White sá yáàdì 1,052, John Clay 1,012, Montee Ball 996. Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe sún mọ́ra. Lóṣù kẹwàá ọdún náà, Ohio State tó wà nípò kìíní ní gbogbo Amẹ́ríkà wá sí Camp Randall, àwọn Badgers fi 31 sí 18 nà wọ́n. Ní 2012, nínú ìdíje àṣekágbá Big Ten, àjọ àwọn yunifásítì tí tiwa wà nínú rẹ̀, ní Indianapolis, wọ́n fi 70 sí 31 na Nebraska. Yáàdì 539 ni wọ́n fi ẹsẹ̀ sá lálẹ́ ọjọ́ kan. Melvin Gordon sá 216, Ball sá 202, White sá 109. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án péré ni Gordon gbé bọ́ọ̀lù! Ara rẹ̀ ṣì tutù, ti àwọn tó ń lé e ti gbó.

Wàyí o, ẹ wo ọdún 2014. Gordon, ọmọ Kenosha, ni wọ́n gbójú lé jù lọ. Lóṣù kọkànlá, ó sá yáàdì 408 mọ́ Nebraska lára nínú ìdá mẹ́ta eré. Ṣáájú ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ rí nípele yẹn. Inú mi dùn, mo jó nínú pálọ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, a pàdé Ohio State ní àṣekágbá. Àwọn yẹn ti mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ni àwọn ní láti dí. Wọ́n kó ènìyàn jọ sójú ọ̀nà rẹ̀, yáàdì 76 ló rí, wọ́n sì fi 59 sí òdo nà wá. Eré sísá tó jẹ Rose Bowl ní 1994 ló tún pàdánù lọ́nà ìtìjú yìí. Ohun tó yàtọ̀ ni iye èjìká tó wà lábẹ́ ẹrù.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, Corey Clement tí wọ́n fẹ́ gbé ẹrù náà kà lórí fara pa. Ẹni tó gbé e ni Dare Ogunbowale. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa. Ọmọ Milwaukee ni, bàbá rẹ̀ ọmọ Nàìjíríà, òun sì ni ẹ̀gbọ́n Arike tó gbá básíkẹ́ẹ̀tì ní Notre Dame. Kò sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi pè é wá. Ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ inú ẹgbẹ́ ni, àárín àwọn tó ń dí alátakò lẹ́yìn ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi í sí, kí wọ́n tó sọ ọ́ di asáré ní 2014. Òun ló sá jù nínú ẹgbẹ́ ní 2015, ẹgbẹ́ náà sì jẹ ìdíje mẹ́wàá. Ọmọ tó jókòó lẹ́yìn tí wọn ò bá lò ni wọ́n rí lò lọ́jọ́ ìṣòro. Àwọn tó ń wo eré àwọn olówó iṣẹ́ á rántí pé òun náà ni, lóṣù kọkànlá 2023, nígbà tí ẹni tó ń fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún Houston Texans fara pa, tí wọ́n ní kí asáré yìí lọ gbá a. Ó gbá a wọlé, wọ́n sì fi 39 sí 37 na Tampa Bay. Èmi ò gbá a, àmọ́ èmi ni mo pariwo jù ní àdúgbò wa lọ́jọ́ náà.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa fi dá mi lóhùn: Jonathan Taylor. Lóòótọ́, láti 2017 dé 2019, òun nìkan ló gbé e, yáàdì 6,174 ló sì sá láàárín ọdún mẹ́ta. Ó yè é, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn Colts, ẹgbẹ́ àwọn olówó iṣẹ́, ó sì sá ju gbogbo asáré olówó iṣẹ́ lọ ní 2021. Mo dúpẹ́ fún un. Ìgbà 926 ni wọ́n gbé bọ́ọ̀lù lé ọmọ yẹn lọ́wọ́ ní yunifásítì. Púpọ̀ nínú ìgbà 926 yẹn, ẹnì kan tàbí méjì tàbí mẹ́ta ló ṣubú lé e lórí. Kò sí nọ́ọ̀sì tó máa ka iye yẹn tí kò ní mí kanlẹ̀.

Wọ́n á tún ní ẹgbẹ́ tó gbójú lé eré sísá kì í lè lé ẹni tó bá ti ṣíwájú bá. Mi ò jiyàn pé jíjù ṣe pàtàkì. Ní 2011 tí Russell Wilson wá ju bọ́ọ̀lù fún wa lọ́dún kan péré, ó dùn gan-an, torí asáré ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀, òun náà ń ṣe tirẹ̀. Àmọ́ ẹ rántí Rose Bowl ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2011. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsìn àìsùn ọdún tuntun dé, ojú mi wú. TCU fi 21 sí 13 ṣíwájú. Wọ́n gbé bọ́ọ̀lù lé Clay lọ́wọ́ léraléra, ó ń wọ́ wọn lọ síwájú, Ball sì sá a wọlé, ó di 21 sí 19. Ó ku àmì méjì kí wọ́n dọ́gba, yáàdì mẹ́ta ló wà láàárín wọn àti ìlà. Wọ́n jù ú. Ọmọ TCU kan na ọwọ́ sókè, ó gbá a bọ́ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ tó gbé wọn rin gbogbo pápá já, wọn ò fi rin yáàdì mẹ́ta tó kù. Títí di òní ni ọkọ mi ń sọ pé kí n gbàgbé rẹ̀.

Kí sáà 2023 tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n gba ẹnìkan wọlé láti sọ ẹgbẹ́ di ti ajubọ́ọ̀lù. Ọdún àkọ́kọ́ wọ́n jẹ méje, wọ́n pàdánù mẹ́fà. Ọdún kejì wọ́n jẹ márùn-ún, wọ́n pàdánù méje. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti 2001 tí ìpàdánù máa ju jíjẹ lọ, ìdíje ìparí ọdún tí wọ́n ti ń dé lọ́dọọdún láti 2002 sì bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Quarterback fara pa lọ́dún náà, kí n má purọ́. Kí sáà náà tó parí, wọ́n lé ẹni tó ń darí jíjù náà. Ní 2025 wọ́n ní àwọn ti padà sí eré sísá, wọ́n jẹ mẹ́rin péré, Iowa sì fi 37 sí òdo nà wọ́n lórí pápá wa. Èyí ni ọ̀dọ́mọkùnrin ọjọ́ yẹn dì mú: "Ṣé ẹ rí i, Màmá, wọ́n sáré, wọ́n ṣì pàdánù."

Ó yẹ kó bi àwọn márùn-ún iwájú. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ju bọ́ọ̀lù, ẹ̀yìn ni àwọn yẹn ń fà sí, wọ́n á dúró de ẹni tó ń bọ̀, wọ́n á gbà á mọ́ra kí ó má dé ọ̀dọ̀ ajubọ́ọ̀lù. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sáré, iwájú ni wọ́n ń lọ, àwọn ló máa kọ́kọ́ kọlu ènìyàn. Ọmọ mi sọ fún mi pé ara méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ọmọ tí wọ́n fi ọdún méjì kọ́ ní fífà sẹ́yìn kò lè jí lọ́jọ́ kan kó di alágbára iwájú. Ọdún mẹ́rin, márùn-ún ni wọ́n fi ń mọ irú wọn, lórí oúnjẹ àti irin gbígbé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹ̀gbọ́n tó ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n wó ilé náà láàárín ọdún méjì, wọ́n wá ń bínú pé kò tíì ní òrùlé.

Ẹ̀yin òbí tí àwọn ọmọ yín ń ṣe eré yìí, ní Wisconsin, ní Texas, ní Maryland, mo bẹ̀ yín. Bí kóòṣì bá wá jókòó sí pálọ̀ yín, ẹ má bi í bóyá jíjù ni tàbí sísá. Ẹ bi í pé asáré mélòó ló ní, ìgbà mélòó ló gbé bọ́ọ̀lù lé ẹni tó lò jù lọ́wọ́ lọ́dún tó kọjá, ta ló sì máa ń sọ fún un pé ọmọ yẹn ti rẹ̀. Bí kò bá lè dáhùn èyí tó kẹ́yìn, ẹ fún un lómi mu, kí ẹ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ọ̀rẹ́ ọmọ mi ti di ọkùnrin, ó ń ṣe iṣẹ́ iná mànàmáná, ó ti bí ọmọbìnrin kan. Ó wá kí wa nígbà Kérésìmesì. Mo se mọ́ín-mọ́ín. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, ó di irin àtẹ̀gùn wa mú, ó ń sọ̀kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ọmọ mi wà níwájú rẹ̀, ó ń fẹ̀yìn rìn, ó na ọwọ́ méjèèjì sí i bí ìgbà tí wọ́n wà lórí pápá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ Aláṣọ Gbági,
Madison, Wisconsin